Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí ní Gíríìkì? Bí ẹ ṣe lè wádìí rẹ̀ fúnra yín

Ó ti pẹ́ tí àwa kan ti máa ń jókòó ka Májẹ̀mú Tuntun pọ̀, ẹsẹ kan tẹ̀ lé èkejì. Lọ́jọ́ tí a dé orí kìn-ín-ní ìwé Pétérù àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún: pé lógos ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àti pé rhēma ni èyí tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá sọ sí ènìyàn létí fún ọ̀ràn tirẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń kọ́ Gíríìkì nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹsẹ 23 sọ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń bẹ títí, lógos ló pè é. Ẹsẹ 25 tún sọ pé ọ̀rọ̀ Olúwa ń bẹ títí láé, rhēma ló pè é níbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ méjì ni Pétérù ń sọ ni, àbí ọ̀kan náà?"

Mo tún ẹsẹ méjèèjì kà lójú gbogbo wọn. Ọ̀kan náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wá àwọn ibi tí rhēma ti jẹ yọ, mo sì bá a ní Mátíù 12:36, níbi tí Jésù ti ní àwọn ènìyàn yóò jíhìn gbogbo ọ̀rọ̀ asán tí wọ́n bá sọ. Rhēma ni ọ̀rọ̀ asán yẹn. Mo tún bá a ní Ìṣe 10:44: Pétérù ń sọ rhēmata (rhēma tó ju ẹyọ kan lọ) wọ̀nyí lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé gbogbo àwọn tí ó ń gbọ́ lógos náà. Ẹsẹ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìwàásù kan náà. Ìyàtọ̀ tí mo fi ń kọ́ni kò sí nínú èdè náà. Ẹnìkan ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí ó ṣí ìwé wò nínú wa.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà ni mo kọ síhìn-ín. Kò dìgbà tí ẹ bá di ọ̀jọ̀gbọ́n kí ẹ tó lè tẹ̀ lé e. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: inú gbólóhùn ni ìtumọ̀ ń gbé. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ kan jáde nínú gbólóhùn, tí ó wá ń tú u wò bí ẹni ń wá owó nínú àpò, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kó sínú rẹ̀ ló máa rí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan Gíríìkì

Ẹ ka gbogbo orí náà ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìtumọ̀ Bíbélì méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí gbogbo wọn bá ti fẹnu kò, kò sábà sí wàhálà nínú Gíríìkì níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ni kí ẹ ti gbẹ́lẹ̀.

Ẹ wá kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀. "Kí ni Gíríìkì wí?" kì í ṣe ìbéèrè. "Kí ni 'èyí' ń tọ́ka sí nínú Éfésù 2:8?" ni ìbéèrè. A ó padà sí ìbéèrè yẹn ní ìparí, nítorí òun ni mo fẹ́ kí a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fojú sí àwọn àmì orí rẹ̀

Lẹ́tà 24 ni. Bí ẹ bá ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ ọ lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó kí ẹ lè máa pe ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà wọn, ohun tí ẹlòmíràn bá fún un ló máa gbé mì.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. A mọ̀ pé ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀ àti ọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àmì orí wọn ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ἐν túmọ̀ sí "nínú" tí ἕν sì túmọ̀ sí "ọ̀kan". εἰς ni "sínú", εἷς sì ni "ọ̀kan" nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti akọ. Àmì kékeré tí ó dà bí kọ́mà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ bóyá ìró h wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo pẹ̀lú lè yí gbólóhùn padà: ní Róòmù 5:1, àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan ní ἔχομεν, "a ní àlàáfíà", àwọn mìíràn ní ἔχωμεν, "ẹ jẹ́ kí a ní àlàáfíà". Lẹ́tà ọmíkírónì (ο) àti òmégà (ω) nìkan ló yà wọ́n.

Kí ẹ rántí pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ kò ní àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, àmì orí àti kọ́mà wọn sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn tí ó ṣètò ìwé náà fún títẹ̀ ló fi wọ́n sí i. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń jà lórí kọ́mà inú Lúùkù 23:43, bóyá "mo wí fún ọ lónìí" ni àbí "lónìí ìwọ yóò wà pẹ̀lú mi", kì í ṣe kọ́mà ni ẹ ó fi dá ẹjọ́ náà. Àṣà ọ̀rọ̀ Jésù ni ẹ ó wò. Amēn legō soi, "lóòótọ́ ni mo wí fún ọ", ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í so ọ̀rọ̀ àkókò mọ́ ọn. Ní Máàkù 14:30, níbi tí "lónìí" ti tún tẹ̀ lé e, hoti, ìyẹn "pé", wà láàárín wọn, tí ó fi hàn pé inú ohun tí ó ń ṣèlérí ni "lónìí" wà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó irinṣẹ́ jọ, kí ẹ sì mọ ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ

Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. STEP Bible, tí Tyndale House ní Cambridge gbé jáde, máa fi Gíríìkì hàn yín, á sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. SBLGNT, ìyẹn Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì tí ó jáde ní 2010, náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀.

Nọ́ńbà Strong ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ọdún 1890 ni James Strong tẹ ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde, níbi tí ó ti fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti jẹ yọ. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a tò sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àkójọ ìtumọ̀ tí ẹ lè mú èyí tí ó wù yín nínú rẹ̀. Wọ́n kàn ń sọ bí àwọn atúmọ̀ ṣe tú u níbi orísirísi ni. Nọ́ńbà náà kò sì sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìdajì ìtumọ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá olùwà gbólóhùn

Ní Yorùbá, ipò ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan. "Olú pa ejò" kì í ṣe "ejò pa Olú". Ní Gíríìkì, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́, nítorí náà olùwà lè wà níwájú, lẹ́yìn tàbí láàárín. Níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá ti wà pẹ̀lú "jẹ́", tí ìparí wọn sì jọra, ẹ wo èyí tí ọ̀rọ̀ kékeré ho, hē tàbí to (ó jọ "náà" tiwa) wà níwájú rẹ̀. Òun ló sábà máa ń jẹ́ olùwà.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí 1 Jòhánù 4:8: ho theos agapē estin. Ho wà níwájú theos, kò sí nǹkan níwájú agapē. Ọlọ́run jẹ́ ìfẹ́. Ẹ kò lè yí i padà kí ẹ ní "ìfẹ́ jẹ́ Ọlọ́run", bí àwọn kan ṣe ń fẹ́ kó rí, nítorí ho ti ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ wá mú Jòhánù 1:1: kai theos ēn ho lógos. Ho lógos ni olùwà. Theos ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì ní ho. Àwọn kan á ní, "Kò ní ho, nítorí náà 'ọlọ́run kan' ni." Ẹ fi orí kan náà dán an wò. Ní ẹsẹ 6, 12, 13 àti 18, theos wà láìní ho, kò sì sí ẹni tí ó ń tú u sí "ọlọ́run kan" níbẹ̀. Ní 1933, E. C. Colwell, onímọ̀ Gíríìkì kan, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó dájú, ìyẹn èyí tó ń tọ́ka sí ẹnìkan tàbí ohun kan pàtó, tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ní irú ipò yìí, kì í sábà ní ho. Àmọ́ àwọn tó ń gbèjà ìgbàgbọ́ náà máa ń na ìwádìí yìí kọjá ibi tí ó dé: Colwell kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní ho ní ipò yẹn ló dájú. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gírámà rí ni pé Jòhánù gbé theos síwájú láti fi sọ irú ẹni tí Ọ̀rọ̀ náà jẹ́: ohun tí Ọlọ́run jẹ́, òun náà ni Ọ̀rọ̀ jẹ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá dé ibí yìí, nítorí Yorùbá lè ṣe é láìlàágùn. "Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." A gbé Ọlọ́run síwájú, a fi "ni" tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì fi "náà" sí ara olùwà, bí Gíríìkì ṣe fi ho sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bi í pé, ìwọ ni àbí ẹ̀yin?

Gíríìkì ya ìwọ kúrò lára ẹ̀yin, àwa náà sì yà á. Àmọ́ "ẹ" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì: ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ọ̀wọ̀ fún àgbà. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ẹ má ka "ẹ̀yin" sí ti ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá rí hymeis tàbí hymas, ènìyàn púpọ̀ ni.

Lúùkù 22:31–32 ni mo máa ń fi kọ́ni. Jésù dojú kọ Símónì, ó ní Sátánì ti bèèrè hymas, ẹ̀yin, gbogbo yín, láti kù yín bí àlìkámà. Ó wá yí ohùn padà: "Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà fún ọ," sou, ìwọ nìkan, kí ìgbàgbọ́ rẹ má ṣe yẹ̀. Ewu náà dojú kọ gbogbo wọn, àdúrà tí ó mẹ́nu bà sì dúró lórí ẹni kan, ẹni tí ó máa padà wá fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun. Ẹ wo Bíbélì tí ẹ ń kà bóyá ó pa ìyàtọ̀ yẹn mọ́. Bí kò bá pa á mọ́, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ náà.

Jòhánù 3:7 ṣe é pẹ̀lú. Nikodémù nìkan ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀, "mo wí fún ọ", àmọ́ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ di àtúnbí jẹ́ "ẹ̀yin".

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe rí

Ibí ni ìwàásù ti ń ṣìnà jù lọ, nítorí náà n ó dúró díẹ̀.

Ẹ ronú lórí Yorùbá tiwa: "ó kọ́ ilé náà", "ó ń kọ́ ilé náà", "ó ti kọ́ ilé náà". Èkejì mú wa wọ inú iṣẹ́ náà, ó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta fi ojú wa sí ilé tó ti dúró báyìí. Èyí àkọ́kọ́ kàn sọ pé iṣẹ́ náà wáyé, kò sọ bóyá ọjọ́ kan ni tàbí ogún ọdún. Gíríìkì ní ohun tó jọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí kò tilẹ̀ bá tiwa dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Aorist sún mọ́ "ó kọ́", present àti imperfect sún mọ́ "ó ń kọ́", perfect sún mọ́ "ó ti kọ́".

Wọ́n á sọ fún yín pé aorist túmọ̀ sí "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́". Ẹ ṣí Jòhánù 2:20. Àwọn Júù ní ọdún 46 ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ḿpìlì. Ọ̀rọ̀-ìṣe "kọ́" yẹn, oikodomēthē, aorist ni. Ẹ ṣí 2 Kọ́ríńtì 11:25: Pọ́ọ̀lù ní ọkọ̀ rì mọ́ òun lẹ́ẹ̀mẹta, enauagēsa, aorist. Ọdún 46 kì í ṣe ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí láé, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀, bí ephapax inú Hébérù 10:10. Ẹ má gbé ẹrù yẹn lé aorist lórí.

Perfect ní tirẹ̀ yẹ kí ẹ máa fara balẹ̀ wò, nítorí òǹkọ̀wé kì í ṣàdédé lò ó. Ẹ wo 1 Kọ́ríńtì 15:3–5. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni Pọ́ọ̀lù tò tẹ̀ lé ara wọn: apethanen, etaphē, egēgertai, ōphthē. Kristi kú, a sin ín, a ti jí i dìde, ó fara hàn. Mẹ́ta jẹ́ aorist, ẹyọ kan péré jẹ́ perfect, àjíǹde sì ni. Ikú náà wáyé. Ìsìnkú náà wáyé. Àjíǹde wáyé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé. Ẹ fi "ti" hàn án ní Yorùbá, olùgbọ́ á gbọ́ ọ láìsí pé ẹ dárúkọ gírámà kankan fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í dá dúró, tí ó ń rọ̀ mọ́ òmíràn. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Mátíù 28:19–20. Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mathēteusate, "ẹ sọ wọ́n di ọmọ ẹ̀yìn". Poreuthentes, "lọ", rọ̀ mọ́ ọn níwájú, baptizontes, "máa rì wọ́n bọmi", àti didaskontes, "máa kọ́ wọn", sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń wàásù pé Jésù kò pàṣẹ pé kí a lọ, pé "bí ẹ bá ṣe ń lọ" ni ó wí. Wọ́n rí òtítọ́ kan, wọ́n sì ré e kọjá. Ní Mátíù 2:8, Hẹ́rọ́dù sọ fún àwọn amòye, poreuthentes exetasate, "ẹ lọ wádìí", ìrísí gbólóhùn kan náà gan-an, ó sì dájú pé ó ń rán wọn lọ ni. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣáájú àṣẹ báyìí, ó máa ń jẹ nínú agbára àṣẹ náà. Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ fún un, tí a ń to ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ara wọn: "Ẹ lọ wádìí." "Ẹ lọ sọ gbogbo orílẹ̀-èdè di ọmọ ẹ̀yìn." Àṣẹ kan, a gbé lílọ wọ inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ibi tí ó rọrùn jù láti ṣìnà

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ "gbà" wò. A gba owó, a gba àdúrà, a gba ènìyàn là, a gba ẹjọ́ rò. Bí mo bá ní "mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀", kò sí ẹni tí ó máa sọ pé mo gbà á là, mo sì gba ẹjọ́ rẹ̀ rò pẹ̀lú. Ohun tí àwọn kan ń ṣe sí sōzō, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a sábà ń tú sí "gbà là", nìyẹn. Ní Mátíù 8:25, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pé kí Jésù yọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn nínú ìjì. Ní Mátíù 9:22, obìnrin kan rí ìwòsàn. Ní Éfésù 2:8, ìgbàlà ni. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á rọ́ ọ wọ inú ẹsẹ kan, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni sōzō. James Barr, onímọ̀ Bíbélì kan, fi orúkọ sí àṣìṣe yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1961, àṣìṣe náà sì wà láàyè títí di òní.

Èkejì ni títú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. "Gbàgbé" kì í ṣe "gbà" pẹ̀lú "gbé". Bẹ́ẹ̀ náà ni ekklēsia, ọ̀rọ̀ tí a sábà ń tú sí "ìjọ", ṣe ní ek, "jáde", àti kaleō, "pè", nínú egungun rẹ̀, síbẹ̀ ní Ìṣe 19, ní ẹsẹ 32 àti 41, àwọn ará Éfésù tí wọ́n kóra jọ ń pariwo, tí púpọ̀ wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi wá, ni Lúùkù pè ní ekklēsia. Àpéjọ ni. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n jáde kúrò nínú ayé. Ẹ̀kẹta kò yẹ kó gbà wá lákòókò: dynamis, "agbára", kì í ṣe dáínámáìtì. Ọdún 1867 ni Alfred Nobel gba ẹ̀tọ́ lórí dáínámáìtì, òun ló sì ya orúkọ lọ́wọ́ Gíríìkì. Pọ́ọ̀lù kò ronú nípa ohun tó ń bú gbàù.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Ẹ wá gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé yẹn gan-an ti lo ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ fi anōthen dán an wò, èyí tí ó wà nínú Jòhánù 3:3. Ó lè jẹ́ "lẹ́ẹ̀kan sí i", ó sì lè jẹ́ "láti òkè wá". Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló wà nínú Ìhìnrere Jòhánù. Méjì wà nínú ọ̀rọ̀ tí Jésù bá Nikodémù sọ. Ní 3:31, ẹni tí ó ti òkè wá ni. Ní 19:11, Jésù sọ fún Pílátù pé láti òkè ni a ti fún un ní àṣẹ. Ní 19:23, a hun aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́ta tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn sọ pé "òkè". Ẹ tún wo bí Nikodémù ṣe dáhùn: ó bèèrè bóyá ènìyàn lè wọ inú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Lẹ́ẹ̀kan sí i" ló gbọ́. Èmi gbà pé Jésù ń sọ "láti òkè wá", pé Nikodémù gbọ́ apá kejì, àti pé Jòhánù mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ olójú méjì síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí a fi òtítọ́ yẹ̀ wò ni ìfẹ́. A ti gbọ́ ọ dáadáa pé agapē ni ìfẹ́ Ọlọ́run, tí phileō sì jẹ́ ìfẹ́ ọ̀rẹ́ lásán, àti pé ìdí nìyẹn tí Jésù àti Pétérù kò fi gbọ́ ara wọn yé ní Jòhánù 21. Ẹ yẹ Jòhánù wò. Ní 3:35, Baba fẹ́ràn Ọmọ, agapa. Ní 5:20, Baba fẹ́ràn Ọmọ, philei. Baba kan náà, Ọmọ kan náà. Ní 2 Tímótíù 4:10, Démásì fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ayé yìí, agapēsas. Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí a tú sí Gíríìkì, ní 2 Sámúẹ́lì 13:15, agapē ni wọ́n pe ohun tí Ámínónì ní sí Támárì, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fipá bá lò. Ọ̀rọ̀ kò ní ìwà mímọ́ nínú ara rẹ̀. Ìfẹ́ Ọlọ́run tóbi nítorí ohun tí Ọlọ́run ṣe, Jòhánù 3:16 sì sọ ohun tí ó ṣe: ó fi Ọmọ rẹ̀ fúnni. Ní orí 21 kan náà, Jòhánù tún pààrọ̀ ọ̀rọ̀ fún àgùntàn àti fún bíbọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń wàásù lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: "Ti" ta ni?

"Ìfẹ́ ìyá": ṣé èyí tí ìyá ní sí ọmọ ni, àbí èyí tí ọmọ ní sí ìyá? Bí Yorùbá ṣe fi í sílẹ̀ láìyanjú, bẹ́ẹ̀ ni Gíríìkì ṣe é pẹ̀lú genitive, ìyẹn ìparí ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ "ti". Ní 2 Kọ́ríńtì 5:14, "ìfẹ́ Kristi ń rọ̀ wá". Ẹ ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: ẹnìkan kú fún gbogbo ènìyàn. Ìfẹ́ tí Kristi ní sí wa ló bá a mu jù. Pistis Christou inú Gálátíà 2:16 ṣòro ju èyí lọ, ìgbàgbọ́ nínú Kristi tàbí ìṣòótọ́ Kristi, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lé e títí di òní. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ sọ méjèèjì fún àwọn tí ẹ ń kọ́, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yan ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ má ṣe kọjá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Méjì péré ni n ó mẹ́nu bà. Ei, "bí", kò túmọ̀ sí "níwọ̀n ìgbà tí". Ní Mátíù 12:27, Jésù ní bí òun bá ń fi Béélísébúbù lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ní ẹsẹ 28, ó ní bí ó bá jẹ́ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ni. Ìrísí gbólóhùn méjèèjì bára mu, ọ̀kan kì í sì í ṣe òótọ́. Mē ní tirẹ̀, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, "rárá" ni ó ń retí. Gbogbo ìbéèrè inú 1 Kọ́ríńtì 12:29–30 ní in: ṣé gbogbo wọn ni àpọ́sítélì ni? Ṣé gbogbo wọn ló ń fi onírúurú èdè sọ̀rọ̀ ni? Pọ́ọ̀lù ti dáhùn kí ó tó béèrè.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ kọ ìtumọ̀ tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì gbèjà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Éfésù 2:8. Tē gar chariti este sesōsmenoi dia pisteōs, kai touto ouk ex hymōn, theou to dōron. Ìyẹn ni pé: oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà yín là nípasẹ̀ ìgbàgbọ́, èyí kò sì ti ọ̀dọ̀ yín wá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ìbéèrè wa ni ohun tí touto, "èyí", ń tọ́ka sí. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ ni, àwọn mìíràn ní oore-ọ̀fẹ́ ni.

Ní Gíríìkì, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti akọ, ti abo, tàbí èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Yorùbá kò ní èyí rárá, ẹni tó ń ka Yorùbá nìkan kò lè fojú rí i. Charis, oore-ọ̀fẹ́, jẹ́ abo. Pistis, ìgbàgbọ́, jẹ́ abo. Touto kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Bí Pọ́ọ̀lù bá fẹ́ nawọ́ sí ọ̀kan pàtó nínú méjèèjì, hautē, "èyí" ti abo, ni à bá retí. Ẹ tún wo bí ó ṣe lo touto nínú lẹ́tà kan náà, ní 6:1: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbọ́ràn sí àwọn òbí yín lẹ́nu, nítorí èyí tọ́." Èyí wo? Gbogbo ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni, gbígbọ́ràn náà lápapọ̀. Ẹsẹ 9 ti orí kejì tún kún un: ouk ex hymōn, "kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ yín", ouk ex ergōn, "kì í ṣe láti inú iṣẹ́". Ohun kan náà ni gbólóhùn méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀, ìgbàlà sì ni ènìyàn lè rò pé òun fi iṣẹ́ rà.

Sesōsmenoi jẹ́ perfect, nítorí náà mo fi "ti" sí i. Hymōn jẹ́ ọ̀pọ̀, nítorí náà "yín". Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nìyí:

"Oore-ọ̀fẹ́ ni a fi ti gbà yín là, nípasẹ̀ ìgbàgbọ́, gbogbo èyí kò sì ti ọ̀dọ̀ yín wá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

Mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "gbogbo èyí" dúró fún touto, ẹ wo 6:1, ìgbàgbọ́ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé e fún ọ̀dọ́bìnrin yẹn kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.